Ríìmù V-boot ti gbó: tòkunbọ̀, irin, àbí dídán ti Ṣáínà?

Ẹ́ńjìnnì V-boot kì í tètè kú. Ríìmù ló máa ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìparí 1984 ni Mercedes kọ́kọ́ gbé W124, èyí tí à ń pè ní V-boot, jáde, 1995 sì ni wọ́n ṣe sẹ́dáànì rẹ̀ tó kẹ́yìn ní Jámánì. Ríìmù tó bá ọkọ̀ náà wọ̀lú ti fi ọgbọ̀n ọdún, ó kéré tán, jẹ kòtò. Ọ̀dà ojú rẹ̀ á ti bó, etí inú rẹ̀ á ti tẹ̀ wọlé, fọ́kanáísà á sì ti fi sípánà ha á títí. Èmi náà ń wa 230E tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo sì ti ra ríìmù fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rà á re.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ríìmù ló ń dà yín láàmú lóòótọ́. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń sáré 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ẹ ti ṣe bálánsì tí kò sì lọ, ríìmù ti wọ́ tàbí kí táyà ti wú. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ fi ríìmù sílẹ̀, díìsìkì ni kí ẹ lọ wò. Bí táyà bá sì ń rọ díẹ̀díẹ̀, tí fọ́kanáísà rì í sómi títí tí kò rí ìṣó, ẹ ní kó tú u. Níbi tí etí táyà ti ń fara kan ríìmù, ẹ ó rí nǹkan funfun bí ẹ̀fun. Alumíníọ̀mù tó ń jẹra ni, òun ló ń lanu fún afẹ́fẹ́. Ìyẹn ò tíì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ra ríìmù tuntun. Kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á mọ́, kó fi gọ́ọ̀mù pa á létí, ó parí.

Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dé ọjà

Ihò bóòtù márùn-ún ló wà lára V-boot, òbìrí tí wọ́n tò yí po sì fẹ̀ tó 112 mm. Ihò ńlá àárín jẹ́ 66.6 mm. Bóòtù ló ń lò, kì í ṣe nọ́ọ̀tì bíi ti Toyota. Bóòtù náà nípọn tó 12 mm, ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ sì rí roboto bí ìdí igbá. Lẹ́yìn álọ́ì (ríìmù alumíníọ̀mù) 15 ínṣì tó bá ọkọ̀ wá, ẹ ó rí 6½J×15 H2 ET48. 6½ ni fífẹ̀ ríìmù ní ínṣì, 15 ni gíga rẹ̀; J àti H2 ń sọ bí etí rẹ̀ àti ibi ìjókòó táyà ṣe rí. ET48 ń sọ pé ojú tí ríìmù fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù (irin àárín tí wọ́n ń de ríìmù mọ́) fi 48 mm sún kúrò ní àárín ríìmù, lọ sí apá ìta. Bí ET bá ṣe ń dín kù ni ríìmù ń yọ síta, bó bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yìí sínú fóònù yín. Ọ̀pọ̀ ontajà ò mọ̀ wọ́n. “Ó máa wọ̀ ọ́, ọ̀gá mi” nìkan ni wọ́n mọ̀.

| Ríìmù | Táyà tó bá a lọ | Gíga ẹ̀gbẹ́ táyà | Gíga gbogbo rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| 15 ínṣì | 195/65 R15 | nǹkan bíi 127 mm | 634 mm |
| 16 ínṣì | 205/55 R16 | nǹkan bíi 113 mm | 632 mm |
| 17 ínṣì | 225/45 R17 | nǹkan bíi 101 mm | 634 mm |
| 18 ínṣì | 225/40 R18 | 90 mm | 637 mm |

Ẹ wo òpó kẹta yẹn dáadáa. Kò sí èyí tó gbé ọkọ̀ ga ju èkejì lọ lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń gba ìyà kòtò kí ríìmù tó gbà á ń dín kù ni. Láti 15 dé 18, ẹ ti pàdánù 37 mm. Lójú ọ̀nà tó dán bí abọ́, ẹwà ni. Lójú ọ̀nà tiwa, owó fọ́kanáísà ni.

Álọ́ì tòkunbọ̀, 15 ínṣì, ti V-boot gan-an

Èyí ni mo fara mọ́ jù. Àwọn méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó ní ihò mẹ́jọ, àti èyí tó ní ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí àwọn ará Jámánì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Gullideckel, ìdérí gọ́tà. Ẹ máa rí wọn ní Ládípọ̀ ní Múṣìn àti ní Gate ní Ìbàdàn. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé bóòtù yín, ihò àárín àti ET, kò sí èyí tí ẹ máa yí padà. Táyà 195/65 R15 náà ò ṣòroó rí, nítorí ọ̀pọ̀ Corolla ń lò ó, gbogbo ẹni tó ń ta táyà ló sì ń kó o.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọjọ́ orí kan náà ni òun àti èyí tí ẹ fẹ́ bọ́ kúrò. Ẹni tó tù ú lára ọkọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Jámánì ò bi í bóyá ó ti wọ́. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ wo inú agbada rẹ̀, ìyẹn kòtò ẹ̀yìn ríìmù. Ibi tí wọ́n bá ti jó o pa máa ń ní okùn irin tó yọ gọngọ. Bí ọ̀dà inú agbada bá tuntun ju ti ojú lọ, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ń fi í bò, torí kò sẹ́ni tó ń kun ibi tójú ò rí láìnídìí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ríìmù oníhò mẹ́jọ ti Mercedes 190E jọ ti V-boot bí ìbejì, ṣùgbọ́n 6J×15 ET49 ló wà lára tirẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n kó méjì sí méjì jọ, tí wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà tó ní ẹ̀rọ bálánsì. Kó gbé ríìmù lásán sí i, láìsí táyà, kó yí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo etí rẹ̀ méjèèjì, pàápàá ti inú. Bó bá ń jó sókè-sódò, ẹ dá a padà. Ontajà tó bá ní òun ò ráyè irú ìyẹn, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà ò ráyè sanwó.

Ríìmù irin

Kò rẹwà, ṣùgbọ́n òun ló gbọ́n jù fún ẹni tó ń gba ọ̀nà oko. Bí kòtò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè fi òòlù nà án padà, níbi tí álọ́ì ì bá ti là. Ẹ fi kọ́fà oníràwọ̀ bò ó, ẹni tó bá dúró jìnnà ò ní mọ̀. Bóòtù nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ti ríìmù irin kúrú, ti álọ́ì gùn. Bí ẹ bá fi bóòtù gígùn de ríìmù irin, ó lè wọlé lọ kan bíréèkì ọwọ́ lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi kúkúrú de álọ́ì, ìwọ̀nba eyín rẹ̀ díẹ̀ ló máa di irin mú. Èyí tó burú jù nínú méjèèjì nìyẹn.

Tuntun dídán láti Ṣáínà, 17 tàbí 18

Ibí ni mo ti jìyà, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Mo ra 17 ínṣì mẹ́rin, dúdú tó ń kọ mọ̀nà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fọkàn mi balẹ̀ títí. Wọ́n dè é, mo gun ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí n tó dé Ṣágámù, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà mú. Mo ṣe bálánsì lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Mẹkáníìkì mi ló bọ́ ọ, ó fi ìka sí ihò àárín, ó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó rí nìyí. Kí irú ríìmù bẹ́ẹ̀ lè bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mu, wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ihò àárín rẹ̀ tóbi, 73.1 mm ló wọ́pọ̀. Họ́ọ̀bù V-boot jẹ́ 66.6. Àlàfo 6.5 mm nìyẹn, ríìmù ò sì jókòó sí àárín gbùngbùn. Òrùka kan wà tó yẹ kó dí i, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 73.1, tí inú rẹ̀ jẹ́ 66.6. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ontajà ò fún mi, èmi náà ò mọ̀ kí n béèrè. Ẹ̀ẹ̀kejì, ihò bóòtù rẹ̀ rí ṣóńṣó bí àrọ, orí bóòtù Mercedes sì rí roboto. Roboto nínú àrọ, etí tín-ín-rín kan ṣoṣo ló ń fara kanra. Bóòtù mi ti ń tú kí n tó dé ilé. Ríìmù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bóòtù tirẹ̀, oníṣóńṣó, ní 12 mm.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ET. Ẹ fi 8J ET35 ti ọjà wé 6½J ET48 tiyín: etí ìta á yọ síta ní 32 mm, etí inú á sì wọlé ní 6 mm. Nígbà tí ẹ bá gbé èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹ bá kòtò pàdé, ẹ ó gbọ́ bí fẹ́ńdà ṣe ń ha táyà.

Kì í ṣe gbogbo ti Ṣáínà ló burú o. Ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ JWL tàbí VIA (àmì ìdánwò agbára ríìmù ti ilẹ̀ Japan) sí lára, tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tí ríìmù kan lè gbé sí ẹ̀yìn rẹ̀. V-boot tó kún fún èèyàn àti ẹrù ń sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì, ríìmù tí kò lè sọ ohun tó lè gbé kò yẹ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ Sunday àti òde ìgbéyàwó nìkan ló ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde lè ra 17. Ní ti 18, mi ò ní bá yín dá sí i.

Ti àbúrò rẹ̀: Mercedes W202, W210, W211

Ọ̀pọ̀ Mercedes ló pín 5×112 (ihò márùn-ún, òbìrí 112 mm) àti 66.6 yìí. Ríìmù W210, 7½J×16 ET41, jókòó dáadáa lára V-boot, bóòtù 12 mm náà ló ń lò. Ó kàn máa yọ síta ní nǹkan bíi 20 mm ni, ó sì máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró bí akin. Bí 15 bá ti sú yín, ibí ni kí ẹ yà sí.

Ṣùgbọ́n W211 àti S-Class W220 ti bọ́ sí bóòtù 14 mm. Ríìmù wọn á wọ họ́ọ̀bù, á dọ́gba, inú yín á dùn, àmọ́ orí bóòtù 12 mm á wà nínú ihò rẹ̀ bí ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Ẹ má gbà á.

Ní ti Toyota àti Lexus, 114.3 mm ni òbìrí ihò ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyàtọ̀ 2.3 mm péré ni, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi agbára dè é. Bóòtù á wọ́, ríìmù ò ní lẹ̀ tán mọ́ họ́ọ̀bù, lọ́jọ́ kan ó máa ṣáájú yín dé ilé.

Àbí ká tún ti àtijọ́ ṣe?

Bí etí rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, tí kò tíì là, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń tọ́ ríìmù lè gbà á padà, kí ẹ sì kùn ún. Bó bá là, ibi tó ti là ló máa dájọ́. Létí agbada, wẹ́dà tó ń fi gáàsì jó alumíníọ̀mù lè di í, ẹ lè fi ṣe àpamọ́ (sípíà) inú búùtù. Bó bá ti dé ọ̀pá rẹ̀ tàbí tòsí ihò bóòtù, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Iná ń dín agbára alumíníọ̀mù kù, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìwúwo ọkọ̀ dúró lé.

Mi ò kọ iye owó. Iye tí wọ́n máa pè ní Ládípọ̀ láàárọ̀, bí dọ́là bá yí, kọ́ ni tọ̀sán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé táyà ló ń ná ni jù: ẹ bèèrè iye táyà mẹ́rin kí ẹ tó dúnàá-dúrà lórí ríìmù. Kí ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú DOT lára táyà náà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dè é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gun sípánà. 110 Nm ni ìdè bóòtù V-boot, ẹ wá ẹni tó ní sípánà tó ń ka agbára. Ẹ tún un dè lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà. Bí àpamọ́ yín bá ṣì jẹ́ irin, ẹ fi bóòtù kúkúrú márùn-ún sínú ọ̀rá kan, kí ẹ fi í sí búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì.