Condrieu àbí Viognier ti Pays d'Oc: èwo ni ká rà?

Àjàrà kan náà, Viognier, ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì funfun méjèèjì. Ilẹ̀ ló yà wọ́n.

Condrieu wà ní gúúsù ìlú Lyon, létí odò Rhône, ní ilẹ̀ Faransé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kún fún akọ òkúta ni wọ́n ń gbin àjàrà ibẹ̀ sí, wọ́n á sì mọ ògiri òkúta kéékèèké kí òjò má baà wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Láti 1940 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ náà, síbẹ̀ nígbà tó di àwọn ọdún 1960, ìwọ̀nba hẹ́kítà oko àjàrà díẹ̀ ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò jẹ́ kó parun.

Ti Pays d'Oc ń wá láti Languedoc, agbègbè kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níhà Òkun Mẹditaréníà. Ẹ̀rọ lè kórè púpọ̀ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti Condrieu dáadáa.

Ní ti ìpamọ́, ẹ má jẹ́ kí owó ńlá tàn yín: Viognier kì í fi bẹ́ẹ̀ kan lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kíkan wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wáìnì pẹ́; òórùn òdòdó àti èso ápríkọ́ọ̀tì rẹ̀ sì máa ń tètè lọ. Ẹ tètè mu Condrieu, kí ẹ sì tún tètè mu èkejì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àlejò bá pọ̀, tàbí tí ẹ kò tíì tọ́ Viognier wò rí, ẹ ra ti Pays d'Oc. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn méjì tó fẹ́ fara balẹ̀ jẹun, Condrieu ni, pàápàá pẹ̀lú Rigotte, wàràkàṣì ewúrẹ́ agbègbè náà.