ÌKÌLỌ̀: Denarius Otho tí wọ́n ń tà kiri yìí, dídà ni wọ́n dà á, ẹ má rà á!

Ẹ̀yin ará tó ń ra owó àtijọ́ àwọn ará Róòmù, ẹ dákun, ẹ dúró ná kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo san 420 pọ́n-ùn fún denarius kan, owó fàdákà kékeré tó ní orí Otho, ọba Róòmù, lára, ayédèrú pátápátá sì ni. 420 pọ́n-ùn! Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe torí owó náà nìkan. Gbogbo ohun tó yẹ kí n rí ló wà níwájú mi, n kò rí i.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Otho á mọ ìdí tí àwọn oníjìbìtì fi fẹ́ràn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jọba, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ọdún 69 Sànmánì Kristẹni, ọdún tí ọba mẹ́rin jọba tẹ̀ léra ní Róòmù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń kó àwòrán àwọn Késárì méjìlá (alákòóso Róòmù méjìlá àkọ́kọ́) jọ kò lè ṣe kó má wá tirẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ kì í wálẹ̀ tó iye tí wọ́n pè fún mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi mí pé ṣé n kò mọ̀ ni.

Lójú owó náà, orí Otho kọjú sọ́tùn-ún, wọ́n sì kọ IMP M OTHO CAESAR AVG TR P yí i ká. Lẹ́yìn, Securitas, òrìṣà ààbò, wà ní ìdúró, adé ewé ní ọwọ́ kan, ọ̀pá àṣẹ ní ọwọ́ kejì, pẹ̀lú SECVRITAS P R: ààbò àwọn ará Róòmù. Òrìṣà ààbò ni wọ́n fi lù mí ní jìbìtì! Òǹtajà náà ní inú àkójọ dókítà kan tó ti dolóògbé ló ti wá. Ó fi ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ wúrà sí i. Ta ló fọwọ́ sí ìwé náà? Òun fúnra rẹ̀! Ó tún ní mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á, nítorí náà fàdákà ni. Irọ́ burúkú: mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa òjé, kì í fa tánganran, kì í fa bàbà.

Nígbà tó dé, mo gbé e sórí ìwọ̀n: gíráàmù 2.71. Láti ìgbà tí ọba Nero ti dín ìwọ̀n denarius kù ní ọdún 64, nǹkan bíi gíráàmù 3.4 ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Èyí tí wọ́n ti ná dáadáa lè sún mọ́ 3. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ní àmì ìnálò kankan, síbẹ̀ 2.71 ló wọ̀n. Mo wo irun rẹ̀. Suetonius, òǹkọ̀tàn ará Róòmù, kọ ọ́ pé wíìgì ni Otho ń dé, orí owó ojúlówó sì fi ìlà irun yẹn hàn ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Lórí tèmi, ó yọ́ pọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ẹsẹ̀ àwọn lẹ́tà rí kìrìbìtì. Òòlù ni wọ́n fi ń lu ojúlówó, lẹ́tà tí òòlù lù sì máa ń dìde ṣánṣán. Ihò wínníwínní wà láàárín lẹ́tà, níbi tí afẹ́fẹ́ há sí nígbà tí wọ́n da irin yíyọ́ sínú àpẹrẹ, ohun tó ń fún un ní ìrísí owó. Ní etí, wọ́n ti fi fáìlì fá ojú ìsopọ̀ àpẹrẹ méjèèjì, ojú fáìlì náà sì hàn yí ká. Gbogbo èyí, awò tó ń fi nǹkan hàn ní ìlọ́po mẹ́wàá ni mo fi rí i. Òǹtajà kò ya àwòrán etí rárá, èmi náà kò béèrè. Kí ló dé tí n kò béèrè?

Mo tún dán an wò nínú omi. Ẹ gbé ife omi sórí ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kó padà sí òdo, ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, ẹ rì í sínú omi láì jẹ́ kó kan ife. Iye tó bá kà, ẹ fi pín ìwọ̀n owó náà; èsì rẹ̀ ni iye ìgbà tí irin náà fi wúwo ju omi lọ. Tèmi kà 0.36, 2.71 tí a fi 0.36 pín jẹ́ nǹkan bíi 7.5. Fàdákà gidi jẹ́ 10.5, fàdákà ayé Otho tó ní bàbà nínú sì wà ní nǹkan bíi 10. Tánganran ló jẹ́ 7.3. Tánganran ni mo fi 420 pọ́n-ùn rà!

Ohun tó pa ẹnu mọ́ gbogbo àríyànjiyàn ni pé mo rí ìbejì rẹ̀ nínú àwòrán ọjà tí wọ́n ti tà kọjá. Òǹtẹ̀ kan, irin tí wọ́n gbẹ́ àwòrán owó sí, lè lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó, nítorí náà ojúlówó méjì lè jọ ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé fàdákà sábẹ́ òǹtẹ̀ kí wọ́n tó lù ú. Ìrísí etí àti ibi tí etí ti ya kò lè bára mu láéláé. Ti èmi àti ti ìbejì yẹn bára mu pátápátá. Òǹtajà ní kí n máa lọ, kò sì jẹ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òun mọ́.

Ó tún ní owó bàbà ńlá Otho lórí àtẹ, Securitas kan náà lẹ́yìn rẹ̀! Ilé ìrọwó Róòmù kò rọ owó bàbà kankan fún Otho. Èyí tí Áńtíókù, ìlú kan ní Síríà, rọ, lẹ́tà SC inú adé ewé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ayé Giovanni da Cavino, agbẹ́ àwòrán owó ará Padua ní Ítálì, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni wọ́n ti ń ṣe irú ayédèrú bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó láti lé mi sá. Mo rí i, mo ní bóyá kò mọ̀ ni. Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Lójú mi báyìí, gbogbo òǹtajà ló mọ̀, èyí tí kò tíì lu wa ní jìbìtì kàn ń dúró de ọjọ́ rẹ̀ ni.

Kíákíá: ẹ béèrè àwòrán etí àti ìwọ̀n kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi wé èyí tó wà lórí ìkànnì OCRE (àkójọ owó àwọn ọba Róòmù) àti acsearch (àkójọ owó tí wọ́n ti tà ní gbàǹjo). Ẹ má fi owó ránṣẹ́ tààrà láti báńkì bí mo ti ṣe. Ẹ fi káàdì san án, kó lè ṣeé gbà padà. Ẹ gba ìlérí lórí ìwé pé ayédèrú ṣeé dá padà nígbàkúùgbà.

Àmì rẹ̀ rèé, torí ó dá mi lójú pé àwọn mìíràn ṣì wà níta: etí ya díẹ̀ lókè lẹ́tà H inú OTHO, ìlà kúkúrú kan ha lẹ́yìn ọrùn, adé ọwọ́ Securitas sì kan lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí owó kan, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye rẹ̀.