Aago ìtanijí kékeré tó lé fóònù kúrò nínú yàrá mi

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo aago ìtanijí kékeré kan tó ń lo bátìrì ẹyọ kan, torí ó ti sú mi kí n máa jí bí ẹni tó ru ẹrù sùn. Fóònù ló ń jí mi tẹ́lẹ̀. Fóònù yẹn náà ni kì í jẹ́ kí n tètè sùn. Màá ní kí n kàn wo àtẹ̀jíṣẹ́ kan, kí n tó mọ̀, aago kan òru ti lù. Ìmọ́lẹ̀ lálẹ́ sì máa ń dín melatonin kù, èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ní báyìí, pálọ̀ ni fóònù ń wà mọ́jú. Mo gbé aago náà jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, àfi kí n dìde kí n tó lè pa á. Bí mo bá sì ti dìde, ó parí: màá ṣí fèrèsé, màá mu omi, màá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kàn mí lójú. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán. 5 ni mo ń sùn tẹ́lẹ̀. Òòyì tó máa ń kọ́ mi lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀ ti lọ.

Ariwo rẹ̀ ni mi ò fẹ́. Kẹ́kẹ́kẹ́ ló ń dún lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, àfìgbà tí mo ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ náà le.

Ẹni tó ń sùn dáadáa tó ṣì ń rẹ̀, kó lọ rí dókítà o, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀. Èmi ti ra èkejì fún àbúrò mi.