Kọ́ńpáàsì àtàǹpàkò tí mo lò ní O-Ringen
Kọ́ńpáàsì tí a ń so mọ́ àtàǹpàkò yìí ni mo gbára lé fún gbogbo ìpele márùn-ún O-Ringen, ìdíje sísáré pẹ̀lú máàpù nínú igbó tí wọ́n ti ń ṣe ní Swídìn láti ọdún 1965. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tètè ń dúró sójú kan, kódà bí mo ṣe ń fò láti orí àpáta kan sí òmíràn, tí mo sì ń yí máàpù títí àríwá rẹ̀ fi bá abẹ́rẹ́ náà mu, kí n tó rí àsíá funfun àti aláwọ̀ ọsàn tó ń fi ibi tí a gbọ́dọ̀ dé hàn, lábẹ́ igi. Rọ́bà rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: lọ́jọ́ kẹta, òógùn mú kí ó yọ̀ bọ́ sínú àbàtà, ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ṣòfò. Síbẹ̀, màá tún un rà.