Pípààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà?

Bí fíríìjì kò bá tutù mọ́, ohun tí oníṣẹ́ àdúgbò sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí ká inú páìpù fíríìjì, ti lọ. Pípààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yìí gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Nígbà mìíràn ó tó owó ẹ̀. Nígbà mìíràn, owó tó wọ omi ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun, ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá ń kùn fún ìgbà díẹ̀, tó ta kí, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, rìlé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, tàbí háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Rìlé ni ike kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, òun ló ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ yọ fíríìjì kúrò lára iná, ẹ fa rìlé náà yọ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n létí. Bó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti fọ́ nínú, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí rìlé bá dára, kí oníṣẹ́ fi mítà wọn ìdènà iná láàárín irin mẹ́ta kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀, ní méjì-méjì. Iye tó ga jù gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ méjì tó kù. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ní ìfarakanra pẹ̀lú ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó ti jó nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ àmọ́ tí yìnyín ò gbà ju apá kan firísà lọ, gáàsì ló sábà ń dín. Gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo mọ́tò: bó bá dín, ó ń jò níbì kan. Oníṣẹ́ tó kàn rọ gáàsì sí i láì wá ojú ihò, ẹ ó tún ránṣẹ́ pè é láìpẹ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń họ yìnyín ló sábà ń dá ihò náà lu. Bí ihò bá wà lára firísà tí ojú ń rí, wọ́n lè dí i. Bó bá jẹ́ páìpù tó wà nínú fóòmù ara ògiri fíríìjì ló ń jò, ẹ má náwó sí i mọ́, ẹ ra òmíràn.

Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ti kú lóòótọ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ bá oníṣẹ́ sọ kó tó gbowó. Kó pààrọ̀ fítà, ìyẹn agolo kékeré tó ń gba omi àti ìdọ̀tí inú páìpù, torí èyí tó ti wà níbẹ̀ ti mu omi. Kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún bí 30 ìṣẹ́jú. Kó sì wọn gáàsì lórí ìwọ̀n, iye gírámù tí wọ́n kọ sára fíríìjì gan-an. Ẹni tó bá fo fífa afẹ́fẹ́ ló ń fa àrùn kan tó ń dààmú èèyàn: fíríìjì á tutù dáadáa, á ṣíwọ́, bí wọ́n bá pa á tí yìnyín yọ́ tán, á tún tutù. Omi tó kù nínú páìpù ló dì, tó dí ọ̀nà tóóró. Ẹ wo irú gáàsì náà dáadáa. R600a máa ń gbiná, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni wọ́n ń fi sínú fíríìjì. Wọn kì í fi R134a, tó jẹ́ irú gáàsì mìíràn, rọ́pò ẹ̀.

Ìdájọ́ wa: bí owó iṣẹ́ bá kọjá ìdajì owó fíríìjì tuntun tó tóbi tó o, tí èyí tó wà nílẹ̀ sì ti lé ní ọdún 10, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ rìlé, tàmósítáàtì (èyí tó ń darí bó ṣe ń tutù tó) tàbí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni, ẹ tún un ṣe láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Rọ́bà rọrùn láti dán wò: ẹ fi owó bébà há ilẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ti rọ.

Tókúńbọ̀ ńkọ́? Ẹ ka ìwé ara ẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Bó bá kọ 110V, ti Amẹ́ríkà ni, iná wa á jó o. Bó bá kọ R12, irú gáàsì àtijọ́ kan, ẹ kúrò níbẹ̀. Àdéhùn Montreal, tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe lórí àwọn gáàsì tó ń ba òfuurufú jẹ́, ti fòpin sí gáàsì yẹn fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa láti 2010. Èyí tí ẹ bá sì rà, tuntun tàbí tókúńbọ̀, ẹ fún un ní sítébíláísà tó ń dúró ìṣẹ́jú 3 sí 5 kó tó gbé iná sí i padà.