Lẹ́tà, páálí rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí fọ́tò: èwo ni kí ẹ rà nínú ohun tí gbajúmọ̀ olórin bu ọwọ́ lù?

Bí owó yín bá ká lẹ́tà tí olórin fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, òun ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá jókòó ti ìbuwọ́lù kan fún ọ̀sẹ̀ kan lè yí i, ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì tó kún fún ọ̀rọ̀ nira láti yí: bí onítọ̀hún ṣe ń kọ «g», ibi tó ń fà sí bí bébà bá fẹ́ tán, orúkọ tó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tún ní déètì, àpò rẹ̀ sì ní òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ wo ti Fela. Ransome-Kuti ló ń jẹ́ títí di àárín àwọn ọdún 1970 kó tó di Anikulapo-Kuti. Bí lẹ́tà bá ní déètì 1971 tí Anikulapo sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ná an. February 18, 1977 ni àwọn sójà jó Kalakuta, ilé Fela. Ẹni tó bá gbé ìdì ìwé tó ní ó ti ilé náà wá ṣáájú ọjọ́ yẹn dé, ẹ bi í bí iná ṣe fò ó.

Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù dùn ún gbé kọ́ ògiri ju lẹ́tà lọ, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ayédèrú ti rọrùn jù. Páálí àtijọ́ gidi ni gbájúẹ̀ máa ń rà, tí á wá fi báírò kún un. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ayinla Omowura kú ní 1980, Fela ní August 2, 1997. Páálí àtúntẹ̀ tó ní àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn kò lè jẹ́ èyí tí Ayinla bu ọwọ́ lù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí páálí ti sán. Bí tàdáwà bá ṣàn wọnú ibi tó sán, páálí ti gbó kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i. Ìbuwọ́lù tó ti pẹ́ a máa họ pọ̀ mọ́ páálí ni. Ẹ má sì fi owó Fela ra ìbuwọ́lù Lemi Ghariokwu tó ya àwòrán ara páálí náà: ojúlówó ni o, àmọ́ tirẹ̀ ni.

Fọ́tò ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, ìdí sì wà. Nígbà ayé ẹgbẹ́ olórin Beatles, àwọn òṣìṣẹ́ wọn, Mal Evans àti Neil Aspinall, máa ń bu ọwọ́ lu fọ́tò lórúkọ wọn. Ringo Starr, onílù Beatles, kéde ní 2008 pé láti October 20 lọ, òun kò ní bu ọwọ́ lu ohun tí àwọn olólùfẹ́ òun bá fi ránṣẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ tó ń bá wọn bu ọwọ́ lù ú: bí ẹ bá rí ìbuwọ́lù méjì tó bára dọ́gba láìyẹ̀, ẹ̀rọ ni. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà 10 wò ó. Èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ fọ́tò á hàn tóótòòtó, ti báírò á fi ipa sílẹ̀ lára bébà.

Ìwé ẹ̀rí tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kọ kò ju rìsíìtì lọ. Ẹ gba àdéhùn ìdápadà owó sílẹ̀ lákọsílẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ má lẹ sẹlotéèpù mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe é ní laminéṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín jígí àti bébà, torí ọ̀rinrin a máa mú tàdáwà lẹ̀ mọ́ jígí. Máákà tètè ń ṣá lójú oòrùn.