Gààrí dúró sínú afẹ́fẹ́: àgbéyẹ̀wò TinyLev lẹ́yìn tí mo fọwọ́ ara mi tò ó

Ẹyọ gààrí kan ló jẹ́ kí ìyàwó mi foríjì mí. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń bá mi nídìí tábìlì oúnjẹ, tí mo ń fi sódà jó wáyà mọ́ àwọn agolo wínníwínní kan lẹ́yìn, tí mo ń dá sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án mo ní kó wá wo àárín abọ́ ike méjì tó dojú kọ ara wọn. Ẹyọ gààrí kan dúró síbẹ̀. Kò fara kan òkè, kò fara kan ìsàlẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ó wá òwú tí mo fi so ó, kò rí. Ó ní, "Èyí tó bá léfòó lórí omi, èèrí la máa ń pè é, a ó dà á nù. Èyí tó léfòó lórí asán ńkọ́?"

TinyLev ni orúkọ èlò náà, ohùn ló fi ń gbé nǹkan wẹ́wẹ́ dúró sí afẹ́fẹ́. Asier Marzo, Adrian Barnes àti Bruce Drinkwater ló ṣe é ní Yunifásítì Bristol nílùú òyìnbó, wọ́n sì gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní 2017. Wọn kò fi bò: àwòrán férémù rẹ̀ àti ètò tó ń darí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tú síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè tò ó nílé. Ìyẹn ni àwọn ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì rí tí wọ́n fi ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ sínú àpò kan, tí wọ́n ń tà á. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni mo rà láti Ṣáínà. Owó ọjà pẹ̀lú owó ẹrù jẹ́ 118,000 náírà, ó sì gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó dé Ìbàdàn. Férémù ike wà nínú rẹ̀, transducer 80, ìyẹn àwọn agolo wínníwínní tó ń fọhùn (72 ni iṣẹ́ nílò, ìyókù jẹ́ ènì), Arduino Nano kan (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí iṣẹ́), L298N kan (pátákó tó ń fún iná lágbára), wáyà, àti bébà ìtọ́nisọ́nà kan tí mo fi nu ọwọ́ nígbẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ti dúró níwájú sípíkà ńlá lóde àríyá rí mọ̀ pé ohùn máa ń ti nǹkan. Ẹ̀wù yóò máa gbọ̀n lára ẹni. Agolo kọ̀ọ̀kan inú àpò yìí, tí kò fẹ̀ ju 10 milimítà lọ, sípíkà ni. Àmọ́ 40,000 ìgbà ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí ọmọ ènìyàn kì í sì í gbọ́ ohun tó bá ti kọjá nǹkan bí 20,000. Mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú abọ́ òkè, mẹ́rìndínlógójì nínú ti ìsàlẹ̀, wọ́n tò yípo ní ìlà mẹ́ta: mẹ́fà, méjìlá, méjìdínlógún. Ohùn ti òkè pàdé ti ìsàlẹ̀ lágbedeméjì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wá pín sí ojú tó ń ru àti ojú tó dákẹ́, ọ̀kan lórí èkejì. Ohun kékeré tó bá bọ́ sí ojú ìdákẹ́ kò ní rí ọ̀nà jáde, nítorí rírú tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa tì í padà. Láti ojú ìdákẹ́ kan sí èkejì kò ju milimítà mẹ́rin lé díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tó bá ti tóbi ju milimítà 4 lọ, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé ṣé ó lè gbé fóònù, ẹ ti gbọ́ èsì.

Iṣẹ́ sólà àti inverter ni mo fi ń jẹun, ọdún kẹtàlá rèé. Bí ẹnì kan bá sọ pé mo lè fi pósítíìfù pe nẹ́gẹ́tíìfù, ìjà ni yóò dì. Ibẹ̀ gan-an ni èlò yìí ti nà mí. Transducer ní ẹsẹ̀ méjì, pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù. Bí ẹ bá yí pánẹ́ẹ̀lì sólà sódì, ẹ ó mọ̀: fíúsì yóò jó, oníbàárà yóò pariwo. Bí ẹ bá yí transducer sódì, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Yóò máa bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, àmọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń tì, òun á máa fà. Ẹ ṣáà wo ènìyàn mẹ́fà tó jọ ń gbé dúrọ́ọ̀mù omi, tí ẹnì kan láàárín wọn ń fà á sẹ́yìn, tí kò sì sọ̀rọ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ti fi àmì dúdú bíńtín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ pósítíìfù ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gba àmì náà gbọ́. Mo ti méjèèjìléláàádọ́rin wọ ihò wọn, mo kọ àmì gbogbo wọn sí àárín abọ́, mo fi gúlù gbígbóná mú wọn, mo yí wáyà ìhòòhò po ìlà kọ̀ọ̀kan, mo fi sódà jó o. Mo tan án. Mo gbé hóró fóòmù sí àárín, ó já bọ́ bí ẹni pé n kò tan nǹkan kan. Mo wà nídìí ẹ̀ títí aago kan òru. Lọ́jọ́ kejì ni mo tú díẹ̀ lára wọn, mo yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé irọ́ ni àmì náà ń pa. Nígbà tí mo parí kíkà, mọ́kànlá ló wà lódì. Mo kọ̀wé sí olùtajà, ó ní kí n fi fídíò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àwòrán òdòdó kan ló fi dá mi lóhùn.

Yíyẹ̀ wọ́n wò kò le rárá, ìyẹn ló sì ń dùn mí. Ẹni tó bá ní oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú, yóò rí i lójú ẹsẹ̀. Èmi kò ní. Mo so agolo kan mọ́ Nano kó máa fọhùn, mo gbé èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò dojú kọ ọ́, mo so ẹsẹ̀ tiẹ̀ mọ́ ibi tí Nano ti ń ka iná tó ń wọlé, ìlà bá jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà ti àkọ́kọ́ ni mo fi ṣe òdiwọ̀n. Èyí tó bá gòkè níbi tí àkọ́kọ́ ti gòkè, ó bá a mu. Èyí tó bá lọ sísàlẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti yí. Mo wá fi bíírò pupa kun ẹsẹ̀ kan náà lára gbogbo wọn. Ẹ kò nílò láti mọ èwo gan-an ni pósítíìfù, kí ohùn gbogbo wọn ṣáà ti ṣọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Kí ẹ tó fi gúlù kàn wọ́n ni kí ẹ ṣe é o! Èmi ṣe tèmi lẹ́yìn gúlù, ike férémù yọ́ níbi méjì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ojú àpá náà wà níbẹ̀ bí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wáyà tó kù kò ní wàhálà. Nano ló ń lu ìlù 40,000 náà. L298N, tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ róbọ́ọ̀tì fi ń yí mọ́tò, ló ń fún ìlù náà lágbára. Bọ́tìnì wà tí ẹ lè fi sún ìgbì abọ́ kan díẹ̀, kí ohun tó wà láàárín lè máa gòkè tàbí kó máa sọ̀kalẹ̀. L298N máa ń gbóná gan-an. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń pa á kó sinmi. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò bá NEPA ní nǹkan ṣe. Bátìrì 12 volt tí mo yọ lára UPS àtijọ́ ló ń gbé e, mo kàn fi ohun tó ń dín volt kù sáàárín kí n lè máa yí i bó bá ṣe wù mí.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fáànù fún mi. Ní Bristol, ta ló ń rántí fáànù? Oṣù kẹta Ìbàdàn ni tèmi, ooru mú, fáànù òkè àjà ń yí, mo sì jókòó tí mo ń ṣe kàyéfì ìdí tí fóòmù fi ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, tó sì ń fò lọ sábẹ́ àga. Ọmọ mi ọkùnrin ló ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe atẹ́gùn ni?" Mo pa fáànù, mo ti fèrèsé, òógùn bò wá, fóòmù dúró wámúwámú. Mo ti gbé e sínú páálí tẹlifíṣọ̀n tí mo gé ojú kan rẹ̀ báyìí, páálí tí a ti yọ fóòmù náà gan-an.

Bí ẹ ó ṣe gbé nǹkan wọ ibẹ̀ náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ̀mú kékeré inú àpò kò dára fún un, torí ó ń da ohùn padà, gbogbo ojú ìdákẹ́ á sì dàrú bó bá ti wọlé. Mo gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé, mo nà án mọ́ wáyà tí mo tẹ̀ bí ṣíbí. Ohùn ń gba inú nẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹ ó kó ohun tí ẹ fẹ́ sórí rẹ̀, ẹ ó rọra gbé e gba àárín kọjá, nígbà tí ẹ bá fa nẹ́ẹ̀tì sísàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ kó sórí rẹ̀ kò tẹ̀ lé e mọ́.

Omi ló le jù, òun ló sì rẹwà jù. Síríǹjì abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni mo fi kán an. Bí volt bá kéré, á já bọ́. Bó bá pọ̀, á fọ́n ká bí ìgbà tí ènìyàn sín, gbogbo agolo ìsàlẹ̀ á tutù. Yíká 9 volt ni tèmi ti gbà. Ẹ má rò pé yóò rí roboto: ohùn ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ó ń tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, ó wá rí pẹlẹbẹ bí bọ́tìnì ẹ̀wù, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sì ń tàn nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká dán ògógóró wò. Ojú ògógóró kò yi bí ojú omi, ó tètè ń fọ́n ká, volt 9 tó gbé omi ti pọ̀ jù fún un. Ọ̀rẹ́ mi ló mu èyí tó kù.

Ọmọ mi fẹ́ ká fi èèrà sí i. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà ti gbé èèrà àti ẹja wẹ́wẹ́ dúró sí afẹ́fẹ́ lóòyẹ̀ ní 2006, ni mo bá gbà. Ó ta ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, mo sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ológbò aládùúgbò wa ni kò gbà fún wa ní tirẹ̀. Etí ológbò ń gbọ́ ohun tó ju 40,000 lọ dáadáa. Bí mo bá ti tan án, á ká etí sẹ́yìn, á fò gba ojú fèrèsé. Àwa tí a kò gbọ́ ọ náà, ẹ má gbé etí sítòsí ẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún èlò náà fúnra rẹ̀, méjì fún àpò tí mo rà. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní físíìsì, tó sì mọ sódà jó, kó rà á. Ẹni tó bá kàn fẹ́ wo nǹkan tó ń léfòó, tí kò ní sùúrù ẹsẹ̀ transducer mẹ́rìnlélógóje, fídíò rẹ̀ pọ̀ níta.

Ọ̀nà tí kò wọ́n wà fún ẹni tí 118,000 bá ga lójú rẹ̀. HC-SR04, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí lára róbọ́ọ̀tì, ní irú agolo bẹ́ẹ̀ méjì lójú, tó ń gbọ̀n ní 40,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo yọ méjèèjì, mo so wọ́n mọ́ Nano àti L298N kan náà, mo dojú wọn kọ ara wọn, mo ń sún ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ títí hóró fóòmù fi dúró. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló gbà. Fóòmù nìkan ló lè gbé o. Gààrí kọ̀ jálẹ̀.